Láísẹ́ǹsì Onígbọ̀wọ́: Bí Agbanisíṣẹ́ Ìlú Ọba Ṣe Ń Gbà Á àti Bí Ó Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, yálà ilé ìtọ́jú àgbà ni o, ilé oúnjẹ ni o, tàbí ọ́fíìsì oníṣirò owó, ló ń béèrè bí èèyàn ṣe lè mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà. Bí kò bá sí láísẹ́ǹsì, kò sí CoS (Certificate of Sponsorship), ìyẹn ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́. Bí kò bá sí CoS, kò sí físà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbà á gan-an kọ́ ló le jù. Títọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí agbanisíṣẹ́ bá ṣubú, òun nìkan kọ́ ló ń fara pa. Òṣìṣẹ́ tó ta ohun ìní rẹ̀ kó tó wọ bàálù ni ìyà náà máa ń dé bá jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà.

Kó tó di 2008, ńṣe ni ilé-iṣẹ́ máa ń gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọdún yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, pé kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gba àṣẹ, kó wá máa fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ gbà. Ohun tí ìjọba rí jẹ nínú rẹ̀ ni pé díẹ̀ lára iṣẹ́ àwọn aṣọ́bodè bọ́ sí ọrùn agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé, iye tó ń gbà, bó ṣe ń wá síṣẹ́ àti ọjọ́ tí físà rẹ̀ máa parí. Bí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá yí padà, òun ló máa fi tó Home Office létí. Ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì ti gbà láti ṣe iṣẹ́ yìí, bó mọ̀ ọ́n bí kò mọ̀ ọ́n.

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń béèrè fún un. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n gbé owó rẹ̀ sí £574 fún ilé-iṣẹ́ kékeré àti ẹgbẹ́ aláàánú, àti £1,579 fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ní láti fi àwọn ìwé ẹ̀rí tẹ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ìwé mẹ́rin ló kéré jù, irú bí àkọsílẹ̀ báǹkì, ẹ̀rí pé wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbanisíṣẹ́ lọ́dọ̀ HMRC, ilé-iṣẹ́ owó orí, ìwé ìbánigbófò fún òṣìṣẹ́, àti ìwé ilé tí wọ́n háyà tàbí tí wọ́n rà fún iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú tó wà ní England gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CQC, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé ìtọ́jú níbẹ̀. Ẹ tètè kó àwọn ìwé yìí jọ kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, torí pé ọjọ́ márùn-ún kò tó láti máa wá ìwé ìbánigbófò kiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ máa ń gbọ́ èsì, àwọn aṣàyẹ̀wò sì lè wá wo ọ́fíìsì náà fúnra wọn kí wọ́n tó pinnu.

Ohun méjì ni wọ́n ń wò lábẹ́ gbogbo ìwé wọ̀nyí. Èkíní, ṣé ilé-iṣẹ́ yìí wà lóòótọ́, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó bófin mu? Èkejì, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ mú èèyàn wá wà lóòótọ́? Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé tí ìjọba ṣe. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà jẹ́ 6135, ti alásè ilé oúnjẹ sì jẹ́ 5434. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà iṣẹ́ mánijà fún ẹni tó fẹ́ gbà láti máa dúró nídìí káńtà ti purọ́ fún ìjọba, ó sì ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ de ara rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ náà.

Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 ni òfin ti le sí i lórí irú iṣẹ́ tí wọ́n lè gbani fún. Iṣẹ́ tó bá nílò ìmọ̀ tó tó ti ẹni tó gboyè yunifásítì ni ìjọba fẹ́ báyìí, àfi àwọn díẹ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó. Owó ọdún tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ tuntun láti òkèèrè sì di £41,700, tàbí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ yẹn, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Àwọn ìyàtọ̀ wà, ní pàtàkì fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti fún iṣẹ́ ìlera. Ọmọ Yorùbá tó ní ilé oúnjẹ, tó ń ronú pé òun á mú alásè tó mọ ẹ̀fọ́ rírò dáadáa wá láti Ìbàdàn, kò lè gba ọ̀nà yìí mọ́, nítorí iṣẹ́ alásè ti kúrò nínú àwọn tí wọ́n lè fi gba ẹni tuntun láti òkèèrè. Bí ajẹ́ńtì kan bá sọ fún un pé ọ̀nà ṣì wà, kó béèrè nọ́ńbà iṣẹ́ tí ajẹ́ńtì náà fẹ́ lò.

Nínú fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n ti máa dárúkọ àwọn tí láísẹ́ǹsì máa wà lọ́wọ́ wọn. Olórí wọn ni Authorising Officer, ẹni tó ga jù nínú àwọn tó ń rí sí gbígba òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Key Contact ni ẹni tí Home Office máa ń bá sọ̀rọ̀. Level 1 User ni ẹni tó ń wọ orí SMS, ìyẹn ojú òpó tí wọ́n ti ń béèrè CoS, tí wọ́n ti ń fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì ti ń jábọ̀ fún ìjọba. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹnì kan lè di ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò mọ̀ ni pé Authorising Officer ló máa jẹ́jọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe lórí SMS, kódà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá wọ ibẹ̀ rí. Ẹni tó bá fún ajẹ́ńtì ní páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kó lè máa bá òun ṣe é ti rú òfin láti ibẹ̀. Bákan náà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ SMS wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi fún ara rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn ní CoS. Nínú ilé-iṣẹ́ tí tọkọtaya jọ ń ṣe, ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ nìyẹn.

Àwọn èèyàn máa ń bá ara wọn sọ pé àwọn ti gba ìwé CoS. CoS kì í ṣe ìwé. Àkọsílẹ̀ ni, tó wà nínú kọ̀ǹpútà Home Office, tó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Orúkọ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ tó máa ṣe, ibi tó ti máa ṣe é, wákàtí rẹ̀ lọ́sẹ̀ àti owó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ti ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè ni wọ́n ń pè ní defined, ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà àti owó tó fẹ́ san. Ti ẹni tó ti wà nílùú tẹ́lẹ̀, tó ń kúrò lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́ kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, tàbí tó ń ti físà akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí ti iṣẹ́, ni wọ́n ń pè ní undefined. Ìjọba máa ń fún ilé-iṣẹ́ ní iye kan rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti fún òṣìṣẹ́ ní CoS, oṣù mẹ́ta ló ní láti fi béèrè físà.

Kí a sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni ìwà ìbàjẹ́ ti wọlé. Láti oṣù Kẹrin 2025, £525 ni CoS kan fún òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ètò Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Owó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tí wọ́n sì fi kún ní oṣù Kejìlá 2025: £480 lọ́dún fún ilé-iṣẹ́ kékeré, £1,320 lọ́dún fún ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó fẹ́ gba ẹnì kan fún ọdún mẹ́ta máa san £1,440 lórí èyí nìkan. Ńlá máa san £3,960. Òfin sọ ní pàtó pé agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ san án, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ orúkọ kankan. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024, òfin náà ti kan owó CoS àti owó láísẹ́ǹsì pàápàá. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè san ni owó físà tirẹ̀ àti owó ìlera tí ìjọba ń gbà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í san.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a kó mílíọ̀nù náírà wá fún CoS ń ta ohun tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ tà. Kò sí àlàyé kankan tó lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Inú mi máa ń bàjẹ́ nígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ wa kan ló ta á fún ọmọ wa mìíràn, tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní fáìlì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ẹ̀rí pé wọ́n yẹ àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà wà báyìí, kì í ṣe káàdì mọ́. Òṣìṣẹ́ ló máa fi share code ránṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á lò ó láti wò ó lójú òpó ìjọba, á sì fi ohun tó rí pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tó rí i. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, péésílíìpù gbogbo oṣù, ẹ̀rí pé owó náà wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti ìsinsìnyí àti àwọn ti tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó wá àti ọjọ́ tí kò wá. Ìkéde tí wọ́n fi wá òṣìṣẹ́ àti ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò náà gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá gba òṣìṣẹ́ tí kò láṣẹ láti ṣiṣẹ́, láìyẹ̀ ẹ́ wò, lè san owó ìtanràn tó tó £45,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo, tàbí £60,000 bó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti jábọ̀ lórí òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àsìkò, kó jábọ̀. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n dá a dúró, kó jábọ̀. Bí owó rẹ̀ bá dín kù, tàbí tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Leeds bọ́ sí Bradford, kó jábọ̀. Bó bá jẹ́ pé nínú ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni nǹkan ti yí padà, bí àdírẹ́ẹ̀sì tàbí ẹni tó ni ín, ọjọ́ iṣẹ́ ogún ni. Ohun tó sì ń ya àwọn tó ń ta ilé-iṣẹ́ lẹ́nu ni pé láísẹ́ǹsì kì í bá ilé-iṣẹ́ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Kì í ṣe ilẹ̀ téèyàn lè fi risíìtì rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ tọrọ tirẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Bàbá òṣìṣẹ́ kan kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun sì ni àkọ́bí. Ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó délé, mọ̀lẹ́bí ní kó dúró de ogójì ọjọ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá dá a lóhùn pé, “Kò burú, Ọlọ́run á tù yín nínú,” ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ọ̀gá náà kò bá kọ ìyọ̀ǹda yẹn sílẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé òṣìṣẹ́ sá níṣẹ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá bá pé léraléra tí kò wá tí kò sì sí ìyọ̀ǹda, ọ̀gá gbọ́dọ̀ jábọ̀ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìsinmi tí kò gba owó ni, òfin kò fẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lápapọ̀ láàárín ọdún kan, àfi nítorí àìsàn, ìbímọ àti irú àwọn ìdí bẹ́ẹ̀. Ímeèlì kan ṣoṣo, tó sọ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí àti bóyá owó wà nínú rẹ̀, ìbá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àánú ọ̀gá yẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fáìlì ni aṣàyẹ̀wò máa rí.

Àwọn aṣàyẹ̀wò lè wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á béèrè fáìlì, wọ́n á sì bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, láìsí ọ̀gá níbẹ̀: iṣẹ́ wo lò ń ṣe, wákàtí mélòó, ta ló ń fún ọ níṣẹ́, èló lo gbà lóṣù tó kọjá, ṣé o sanwó fún ẹnikẹ́ni kí o tó rí iṣẹ́ yìí? Wọ́n á gbé ìdáhùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ CoS, sẹ́gbẹ̀ẹ́ péésílíìpù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí HMRC ní lọ́wọ́. Bí CoS bá sọ pé wákàtí 39 lọ́sẹ̀, tí péésílíìpù sì ń sọ pé 16, àlàyé pé iṣẹ́ kò pọ̀ kò lè gba ọ̀gá náà là. Owó tó wà nínú CoS ni ìlérí tó ṣe fún ìjọba àti fún òṣìṣẹ́ náà.

Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni gbogbo èyí ti bàjẹ́ jù. Ní oṣù Kejì 2022, nítorí àìtó òṣìṣẹ́, ìjọba ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ wọlé. Láìpẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan ń gba CoS. Nínú ìròyìn tí David Neal kọ nígbà tó jẹ́ olùbẹ̀wò àgbà fún ọ̀rọ̀ ẹnubodè, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta 2024, ó sọ pé wọ́n fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan ní CoS 275, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin lòun ní nígbà tó gba láísẹ́ǹsì, ní 1,234. Ẹ̀bi náà kan Home Office gan-an, nítorí àwọn ló fọwọ́ sí i. Àmọ́ lẹ́yìn CoS 275 wọ̀nyẹn, èèyàn ló wà níbẹ̀, tí òmíràn ti fi iṣẹ́ báǹkì tàbí iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nílé.

Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Láti oṣù Kẹta 2024, olùtọ́jú tuntun kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Láti oṣù Kẹrin 2025, ilé ìtọ́jú ní England gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ láàárín àwọn tí onígbọ̀wọ́ wọn ti pàdánù láísẹ́ǹsì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tí ajẹ́ńtì bá ń fún ní ìlérí CoS iṣẹ́ ìtọ́jú láti Lagos tàbí Abẹ́òkúta lónìí, ẹ sọ fún un pé ọ̀nà yẹn ti dí.

Láísẹ́ǹsì tó wà ní ipò A ni ti ẹni tó ń ṣe dáadáa. Bí àṣìṣe bá wà tó ṣe é tún ṣe, Home Office lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ipò B. Ilé-iṣẹ́ á sanwó fún ètò àtúnṣe, kò sì ní lè fún ẹni tuntun ní CoS títí yóò fi padà sí A. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dá láísẹ́ǹsì dúró, ilé-iṣẹ́ sì ní ọjọ́ iṣẹ́ ogún láti fèsì sí ẹ̀sùn náà. Ẹni tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù méjìlá, ó kéré tán, kó tó lè tún béèrè. Láàárín oṣù Keje 2024 sí oṣù Kẹfà 2025, láísẹ́ǹsì 1,948 ni wọ́n gbà padà, ó ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ewu kan sì wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá fiyè sí. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì gbà, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ sì máa ń tún fáìlì wọn tò. Láti oṣù Kẹrin 2024, wọ́n ti mú àtúngbà yẹn kúrò. Kò sí ọjọ́ kankan mọ́ tó máa rán ọ̀gá létí, àfi ọjọ́ tí aṣàyẹ̀wò bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí olúkúlùkù fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ kan nínú oṣù mẹ́ta mẹ́ta tí yóò máa yẹ gbogbo fáìlì wò.

Bí wọ́n bá gba láísẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ kan, gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń gbọ̀wọ́ fún ló kàn. Láàárín oṣù Keje 2022 sí oṣù Kejìlá 2024, láísẹ́ǹsì tó lé ní 470 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ tó lé ní 39,000 sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Home Office á kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ pé wọ́n ti gé físà rẹ̀ kù, ní ọ̀pọ̀ ìgbà sí ọjọ́ 60. Láàárín ọjọ́ yẹn, ó gbọ́dọ̀ rí onígbọ̀wọ́ mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì, kí ẹni náà fún un ní CoS tuntun, kó sì béèrè físà tuntun. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun kí wọ́n tó fọwọ́ sí físà yẹn, bí ọ̀gá náà ti wù kó kánjú tó.

Kí òṣìṣẹ́ má bàa kó sínú irú wàhálà yìí, kó kọ́kọ́ yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò. Ìjọba máa ń gbé orúkọ gbogbo onígbọ̀wọ́ síta lójú òpó gov.uk, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó wà ní Òṣogbo náà lè wò ó lórí fóònù rẹ̀. Kí ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, kí ẹ wo ìlú tó wà àti irú físà tí wọ́n fún un láṣẹ lé lórí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá wà níbẹ̀, ó ṣì ku kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ wà lóòótọ́: ẹ wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ńtì fún yín, kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá yín, ibi tí ẹ ti máa ṣiṣẹ́ àti nọ́ńbà iṣẹ́ tó máa wà nínú CoS. Ẹni tó ti wà ní Ìlú Ọba náà, kó rí i pé ímeèlì tó wà nínú àkáǹtì físà rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń ṣí lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà ọjọ́ 60 yẹn máa ń gbà wọlé.